Ọkọ̀ Tó Ń Dọdẹ Ohùn: Bí Àwọn Ológun Ṣe Ń Wá Ibi Tí Rédíò Ọ̀tá Fara Pamọ́ Sí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ ológun tí wọ́n fi ń wá ibi tí rédíò ọ̀tá ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí mo bá dárúkọ iṣẹ́ yìí fún ló máa ń rò pé wọ́n kàn ń gbé ẹ̀rọ sórí ọkọ̀ ni, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, ilé tí amí wà á sì yọ sójú máàpù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti mọ ìhà tí ohùn rédíò ti ń bọ̀ kò ṣòro, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ojúlé tó ti ń bọ̀ ló ṣòro. Nítorí àtimọ ojúlé yẹn ni wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ náà sórí táyà, tí wọ́n sì ń wà á sún mọ́ ẹni tí wọ́n ń wá. Ìsúnmọ́ra yẹn ló pa ẹni tí wọ́n ń dọdẹ, òun náà ló sì pa ọdẹ nígbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀ríàlì. Tí a bá ká wáyà ní òbìrí, tí a gbé e dúró lóòró, kì í gbọ́ ìhà gbogbo bákan náà. Tí etí òbìrí náà bá kọjú sí ibi tí ìgbì rédíò ti ń bọ̀, ohùn á dún ketekete. Tó bá jẹ́ pé ihò àárín rẹ̀ ló kọjú síbẹ̀, ohùn á máa rẹlẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá. Ibi tí ohùn ti kú yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń wá, wọn kì í wá ibi tó ti dún jù. Ìdí ni pé tí ohùn bá wà ní góńgó, tí ẹ sì yí ẹ̀ríàlì ní digiri 10, agbára káká ni etí yín fi máa mọ̀ pé nǹkan yàtọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó ti kú, ẹ yí i ní digiri 2 péré, ohùn á jí padà. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o: bí ohùn ṣe kú níwájú náà ló ṣe máa kú tí ẹ bá yí ẹ̀ríàlì kọ ẹ̀yìn. Ìlà náà tọ̀nà, ẹ kò kàn mọ èwo nínú orí rẹ̀ méjèèjì ni ọ̀tá wà. Ọ̀pá ẹ̀ríàlì kan tó dúró lóòró ni wọ́n máa ń so mọ́ ti òbìrí kí ìhà kan lè borí èkejì.

Ẹni tó bá ti wá ìrẹ̀ nínú yàrá lóru mọ èyí tó kù. Etí rẹ sọ fún ọ pé apá ibi àpótí ló wà. O dìde, o sún mọ́ ọn, ó dákẹ́. O dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, àfi bíi pé ó ti lọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni rédíò tó fara pamọ́ ṣe ń dá ọlọ́dẹ rẹ̀ lóró, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé yàrá tiwọn lè fẹ̀ tó odindi orílẹ̀-èdè.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ká ní ẹ̀rọ yín ṣi ìhà mú ní digiri kan péré, ẹ̀rọ tó dára gan-an nìyẹn. Tí ọ̀tá bá wà ní kìlómítà 500 sí yín, àṣìṣe kékeré yẹn á mú yín yà ní nǹkan bíi kìlómítà 9. Ìlú ńlá kan lè wọ inú rẹ̀ tán. Ní kìlómítà 60, ó di kìlómítà kan àti díẹ̀: àdúgbò kan nìyẹn. Ní kìlómítà kan, ó di mítà 17, tí í ṣe ilé kan tàbí méjì. Ẹ̀rọ kan náà ni, àṣìṣe kan náà ni, ìsúnmọ́ra nìkan ló yí i padà. Ìdí nìyẹn tí ibùdó ńlá tó dúró sójú kan kò fi lè dá iṣẹ́ yìí parí, bó ti wù kí owó pọ̀ nínú rẹ̀ tó.

Ohun kejì tó ń fa ọkọ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà ni ìrìn ìgbì fúnra rẹ̀. Àwọn amí ìgbà ogun máa ń lo ìgbì kúkúrú, èyí tí ẹ̀rọ kékeré inú báàgì lè fi ránṣẹ́ dé ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ìdí tó fi ń rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ ni pé ó ń gòkè lọ kan ìpele òfuurufú tí wọ́n ń pè ní ionosphere, ibẹ̀ á sì dá a padà sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Apá rẹ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀ kì í pẹ́ kú. Nítorí náà, ẹni tó wà ní London lè gbọ́ amí tó wà ní Lyon dáadáa, kí ẹni tó wà ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí amí náà má sì gbọ́ ohunkóhun. Èyí tó tún burú ni pé ìgbì tó bá ti òkè bọ̀, pàápàá lóru, máa ń tan ẹ̀ríàlì òbìrí jẹ, ìhà tó bá fi hàn kì í dúró sójú kan. Frank Adcock, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọ̀nà àbáyọ sí èyí ní 1919: ó fi àwọn ọ̀pá tó dúró lóòró rọ́pò òbìrí, kí apá ìgbì tó ń ṣèké má baà rí wáyà tó dùbúlẹ̀ wọlé sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ríàlì Adcock ti ìgbì kúkúrú tóbi, ó fẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Ẹni tó bá ń wá ilé kan láàárín ìgboro gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ kékeré wọ ibi tí ìgbì orí ilẹ̀ kò tíì kú sí.

Mo fẹ́ kí ẹ rí bí èyí ṣe ṣẹlẹ̀ ní Brussels lọ́dún 1941. Ní ìparí oṣù June, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí Jámánì kọlu Soviet, àwọn Jámánì tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ ní Cranz létí òkun Baltic gbọ́ ohùn Mọ́ọ̀sì kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí atẹwáyà ń fi àmì kúkúrú àti gígùn tẹ̀ ránṣẹ́, tó ń fi PTX ṣe orúkọ. Àwọn ibùdó wọn fa ìlà sórí máàpù. Ohun tí ìlà wọ̀nyí lè sọ kò ju pé ìwọ̀-oòrùn ni, bóyá Bẹ́ljíọ̀mù, bóyá ilẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ó sún mọ́ Brussels. Ìgbà tí àwọn ọkọ̀ àti ẹ̀rọ inú àpótí dé ìgboro ni ọ̀rọ̀ di ti àdúgbò Etterbeek, lẹ́yìn náà ó di ti òpópónà kan, rue des Atrébates, ó sì wá ku ilé mélòó kan. Òru December 12 mọ́jú 13 ni wọ́n já wọlé. Láti June títí di December: ó tó oṣù márùn-ún ààbọ̀ láti orí ìhà dé ojú ilẹ̀kùn.

Kí ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe? Àwọn atẹwáyà ilé yẹn máa ń tẹ wáyà fún wákàtí púpọ̀ lóru, ní àkókò kan náà, láti ilé kan náà, nítorí pé iṣẹ́ tí Moscow, tí wọ́n ń ṣe amí fún, ń béèrè lọ́wọ́ wọn pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rán. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ronú kan èyí. Àwọn ọ̀gá tó jókòó síbi tí ewu kò sí ló ń béèrè, àwọn tó wà nínú ewu ló ń fi ìka san gbèsè rẹ̀. Sophie Poznańska, obìnrin Júù ará Poland tó ń fi àṣírí bo àwọn iṣẹ́ náà nínú ilé yẹn, pa ara rẹ̀ sẹ́wọ̀n ní 1942 kí wọ́n má baà rí nǹkan gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn Jámánì sọ ọgbọ́n yìí di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibùdó ńlá wà ní Brest, ní Augsburg àti ní Nuremberg. Tí atẹwáyà tuntun bá yọjú, ibùdó wọ̀nyí á fa ìlà mẹ́ta, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni wọ́n á rán ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ náà kì í jọ ti ológun. Ẹ lè pàdé rẹ̀ lójú títì kí ẹ rò pé búrẹ́dì tàbí aṣọ ìfọ̀ ló kó. Ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta á dúró ní igun ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú á mú ìhà tirẹ̀, wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á tún mú òmíràn. Àwọn ọ̀gá SOE, iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rán amí lọ sí ilẹ̀ tí Jámánì gbà, mọ̀ pé atẹwáyà tó bá pẹ́ lórí afẹ́fẹ́ láàárín ìgboro lè rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Tí ọkọ̀ bá ti dé òpópónà, ọkùnrin kan á bọ́ sílẹ̀ tó wọ kóòtù ńlá, ẹ̀rọ wà ní ìbàdí rẹ̀ lábẹ́ kóòtù, wáyà gba ọrùn lọ sí etí. Ẹsẹ̀ ló fi ń parí iṣẹ́ tí táyà bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n kan tún wà tí kò ní ẹ̀ríàlì nínú rárá. Wọ́n á máa pa iná mànàmáná àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ohùn bá gé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n pa iná àdúgbò kan, ibẹ̀ ló wà nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn atẹwáyà fi ń gbìyànjú láti lo bátìrì ọkọ̀ dípò iná ilé. Ẹ sì rántí pé ẹ̀rọ wọn wúwo tó nǹkan bíi kílò 15 nínú báàgì rẹ̀, wáyà ẹ̀ríàlì rẹ̀ sì gùn tó mítà 20, tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta sórí igi tàbí sí etí òrùlé láìjẹ́ kí aládùúgbò fura. Ẹni tí wọ́n ní kó má pẹ́ lójú kan ni wọ́n di gbogbo ẹrù yìí rù.

Brian Stonehouse, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ayàwòrán kó tó di amí, bọ́ sọ́wọ́ wọn ní October 1942 nínú ilé ńlá kan nítòsí Lyon. Ó ti pẹ́ jù lórí ẹ̀rọ, àwọn ọlọ́dẹ ohùn sì tọ̀ ọ́ wá síbẹ̀. Ó la àgọ́ ìyà púpọ̀ já, ó sì padà sílé láàyè. Noor Inayat Khan, atẹwáyà SOE, ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ló mú un. Láti June 1943 títí di October, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Paris àti agbègbè rẹ̀, nígbà tí wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọkọ̀ kò sì tẹ̀ ẹ́. Ènìyàn ló fi owó tà á. Wọ́n pa á ní Dachau ní September 1944. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé kò yẹ ká gba iyì tó jẹ́ ti ọmọbìnrin yẹn fún ẹ̀rọ.

Yvonne Cormeau, atẹwáyà SOE mìíràn, náà wà ní Gascony, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, láti August 1943 títí tí wọ́n fi lé Jámánì lọ. Iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ lé ní 400, ọwọ́ kò sì tẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ wáyà kíákíá, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kì í jẹ́ kí London ní kó tún un tẹ̀, ìgbèríko ló sì wà. Ní ìgbèríko, ọkọ̀ àjèjì kì í lè kọjá kí ará abúlé má rí i, ìgbà tó bá sì fi máa dé ibi tí ìlà ti pàdé, ohùn ti dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí ibí yìí ni ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti máa rí nǹkan mú lọ. Irin ni ọkọ̀, irin a sì máa gba ìgbì, a tún máa tú u jáde. Ìgbì tí ẹ̀ríàlì orí òrùlé gbọ́ jẹ́ àdàlù ìgbì tó ti ọ̀dọ̀ ọ̀tá bọ̀ àti èyí tí ara ọkọ̀ tú jáde. Àṣìṣe tí èyí ń fà kò dọ́gba: ó kéré tí ìgbì bá ti iwájú, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ gan-an bọ̀, ó máa ń pọ̀ tó bá ti igun bọ̀. Kó tó di pé wọ́n fi ọkọ̀ ránṣẹ́, wọ́n á gbé e lọ sí pápá tó tẹ́jú, wọ́n á gbé rédíò kan síbi tí wọ́n mọ̀, wọ́n á yí ọkọ̀ náà po ní digiri díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì kọ àṣìṣe ìhà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìwé àtúnṣe yẹn ló ń bá ọkọ̀ lọ sójú ogun. Ẹ gbé àpótí irin tuntun kan sórí òrùlé lẹ́yìn náà, ìwé yẹn ti di èké.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀yin fúnra yín wà àti ìhà tí imú ọkọ̀ yín kọ. Lónìí sátẹ́láìtì lè sọ ọ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹnì kan á bọ́ sílẹ̀, á rìn jìnnà sí ọkọ̀ kí irin má baà fa abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì, á wo ìhà, á padà wá. Wọ́n máa ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀, nítorí pọ́lọ́ọ̀gì ń ta pàrà, ìtapàrà yẹn sì ń pariwo sínú rédíò. Wọn kì í dúró lábẹ́ wáyà iná, tàbí lẹ́bàá ojú irin, tàbí ẹ̀gbẹ́ ọgbà onírin, nítorí gbogbo wọn ń darí ìgbì gba ibi tí kò yẹ. Tí ọkọ̀ méjì bá sì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ọ̀tá, ìlà wọn á gùn lé ara wọn, kò ní sí ibi tó ti pàdé. Ẹ wá ibi tí ìlà méjèèjì á ti ré ara wọn kọjá bí igun ilé.

Yíyí ẹ̀ríàlì fúnra rẹ̀ jẹ́ àfàyàrọ́, ó sì ń jẹ àkókò. Bellini àti Tosi, ọmọ Ítálì méjì, ti rọ èyí lọ́rùn láti 1907: òbìrí méjì tó dábùú ara wọn máa dúró sójú kan, kókó kékeré kan lórí tábìlì ni oníṣẹ́ á máa yí. Èyí tó wá yí eré padà pátápátá ni iṣẹ́ Robert Watson-Watt ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọdún 1920. Mànàmáná inú òjò ló ń wá, ó fẹ́ mọ ìhà tí ìjì wà. Mànàmáná kì í dúró de ẹni tó ń yí ẹ̀ríàlì, nítorí náà ó so ẹ̀ríàlì méjì tó dábùú ara wọn mọ́ gíláàsì kan bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ìhà sì yọ lójú rẹ̀ bí ìlà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ìgbì bá dé. Látìgbà náà, ẹni tó bá rò pé ìdàkẹ́ kíákíá nìkan ló máa gba òun là ní láti dákẹ́ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ti sọ pé ìsúnmọ́ra pa ọdẹ náà. Ní May 1961, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní 3rd Radio Research Unit dé Saigon. Orúkọ ìbòjú ni ọ̀rọ̀ Research yẹn, tó túmọ̀ sí ìwádìí. Iṣẹ́ wọn ni láti gbọ́ rédíò Viet Cong, àwọn jagunjagun Kọ́múnísítì tó ń bá ìjọba Gúúsù Vietnam jà, kí wọ́n sì mọ ibi tó wà. Agbára rédíò Viet Cong kéré, igbó àti ọ̀rinrin ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń gbé ìgbì orí ilẹ̀ mì kíákíá. Ẹ̀rọ AN/PRD-1 tí wọ́n ń lò kò lè gbọ́ ọ àfi tí wọ́n bá wà á wọ tòsí ọ̀tá. Ní December 22, 1961, James T. Davis, ọmọ ọdún 25 láti Tennessee, wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù pẹ̀lú àwọn sójà Gúúsù Vietnam, ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ wọn, ní ojú ọ̀nà tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 16 sí ìwọ̀-oòrùn Saigon. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ bú, ìbọn tẹ̀ lé e. Davis bọ́ sílẹ̀, ó ń yìnbọn títí wọ́n fi pa á. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn sójà Vietnam tó bá a lọ kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àgọ́ ẹgbẹ́ náà ní Tan Son Nhut, pápákọ̀ òfuurufú Saigon.

Orúkọ àwọn ọmọ Vietnam tó kú níbẹ̀ kì í sábà sí nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ, èyí kò sì tọ́ lójú tèmi.

Ikú yẹn ló mú kí wọ́n wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ á fi sún mọ́ ọ̀tá láìwà á gba ojú ọ̀nà. Láti 1962 wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú kékeré Beaver, tó ń fò lọ́ra lórí igbó. Ìgbì tó ń kú lórí ilẹ̀ kì í kú bẹ́ẹ̀ tó bá ń lọ sókè tààrà. Tí ọkọ̀ òfuurufú kan bá sì rìn kìlómítà mélòó kan, ó lè mú ìhà mẹ́ta fúnra rẹ̀, kò nílò ẹlòmíràn.

Síbẹ̀ ọkọ̀ orí ilẹ̀ kò parẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú kì í lè wà lókè tọ̀sán-tòru lójoojúmọ́. Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ Trailblazer sórí ọkọ̀ ológun onírin, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ Prophet sórí Humvee, ọkọ̀ ológun onítáyà, pẹ̀lú ọ̀pá gíga tó ń nà sókè. Rọ́ṣíà ní R-330Zh Zhitel lórí ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń wá ohùn fóònù sátẹ́láìtì àti fóònù alágbèéká, tó sì tún lè dí wọn lọ́wọ́. Nínú ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀ríàlì mélòó kan á tò yí ọ̀pá ká, kọ̀ǹpútà á sì fi bí ìgbì ṣe tètè dé ọ̀kan ju èkejì lọ ṣírò ìhà. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gíga kì í ṣeé fi pamọ́. Nínú ogun Yukréènì, dúróònì tó ń wo ilẹ̀ láti òkè ti sọ irú ọkọ̀ báyìí di ẹran ìgbẹ́ fún ìhà méjèèjì. Ìṣòro mìíràn tún wà: ọkọ̀ méjì tó fẹ́ pa ìlà wọn pọ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ rédíò ni wọ́n fi sọ ọ́, àwọn náà ti wà lórí afẹ́fẹ́, ọ̀tá wọn náà sì ní ẹ̀ríàlì.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan béèrè pé, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́, tó kàn ń gbọ́ nìkan? Ìbéèrè tó múná ni, mo sì fi ìdáhùn rẹ̀ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rédíò tó ń gbà ohùn ló ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ń pò pọ̀ mọ́ ìgbì tó wọlé kí a tó lè gbọ́ ọ. Díẹ̀ nínú ìgbì inú ilé yẹn máa ń jò jáde gba ẹ̀ríàlì. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, MI5, iléeṣẹ́ tó ń dọdẹ amí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjò yìí láti mọ ibi tí àwọn amí Soviet ti ń gbọ́ Moscow. RAFTER ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń rìn kiri òpópónà London, wọ́n sì lo ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú, nítorí pé ìgbì tó ń jò bẹ́ẹ̀ kéré débi pé ẹ ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹni náà kí ẹ tó gbọ́ ọ.